Afẹ́fẹ́ Táyà: Epo Ni Tàbí Ẹ̀mí?

Láti Súrùlérè ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní mọ́tò, ẹ má tíì lọ o. Ṣebí ẹ̀yin náà ń wọ danfó.

Ní Sátidé kan, mo fẹ́ gba Third Mainland lọ síbi ìnáwó kan. Mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ fọkanáísà ní Ojúẹlẹ́gba. Ó fi géèjì wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 22, 22, 22, 22. Ó ní, "Àǹtí, ìgbà wo lẹ wọ̀n ọ́n kẹ́yìn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó wá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú lọ́wọ́ òsì. Ó ti ń là. Ó ní, "Orí afárá lèyí ì bá bẹ́ sí."

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Táyà tó rọ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ilẹ̀. Bó ṣe ń yí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa nà, á sì máa gbóná. Bí ẹ bá wá ń sáré, tí ẹrù tún pọ̀ nínú ọkọ̀, ooru yẹn lè fà á ya. Afárá yẹn sì lé ní kìlómítà 11. Ibo lẹ fẹ́ yà sí?

Epo ńkọ́? Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ní bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi PSI 1 dín, ibi tí epo ń gbé ọkọ̀ dé á fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú 100 dín. 32 ló yẹ kí tèmi jẹ́. Ó dín ní 10, ìyẹn ìdá 2. Nínú lítà 40, kò pé lítà kan. Mi ò ní tàn yín pé ẹ ó fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló ń da epo nù?

Fọkanáísà fẹ́ sọ ọ́ di 40 nítorí kòtò. Mo ní, "Rárá, bọ̀ọ̀dá, 32 ni." Bó bá le jù, àárín táyà nìkan ló máa ń gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí òjò bá rọ̀, búréèkì ò ní tètè mú. Kòtò náà á sì tètè bà á jẹ́.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ ó rí nọ́ńbà tí ọkọ̀ yín ń fẹ́ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà kọ́ o. Ìyẹn ni òpin ohun tó lè gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí táyà bá ti gbóná, nọ́ńbà á lọ sókè; ẹ má tìtorí ìyẹn yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ra tòkúnbọ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Mo pààrọ̀ táyà yẹn. Nígbà tí mo fi débi ìnáwó, ìrẹsì ti tán. Ṣùgbọ́n mo débẹ̀.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé yín kiri. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.