Ìpín Ilé Iṣẹ́ Tí Ń Rá Pálá: Kí Ni A Ń Rà Gan-an?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa yìí kan owó tí ẹ fi òógùn ojú kó jọ, pàápàá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ẹnìkan bá dìde nínú ìpàdé, tí ó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan wà tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbàlódé, pé owó kò tíì wọlé fún un, ṣùgbọ́n pé ìpín rẹ̀ yóò fò sókè láìpẹ́, kí ẹgbẹ́ tètè rà á, kí ni ẹ ó wí? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996.

Comparator Systems ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ní ìpínlẹ̀ California. Ó ní òun ní ẹ̀rọ tí ń fi ìlà ìka ọwọ́ dá ènìyàn mọ̀. Èrè kò wọlé, ìpín rẹ̀ kan kò sì ju nǹkan bí sẹ́ńtì 3 lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ni ariwo bẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìpín tí ó lé ní mílíọ̀nù 400 ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, iye owó ìpín kan sì gùn dé dọ́là 1 àti sẹ́ńtì 75. Nítorí pé ìpín tí ó wà níta lé ní mílíọ̀nù 600, ilé iṣẹ́ tí ń rá pálá yìí di ẹni tí ó ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ lórí ìwé. Iṣẹ́ wo ni ènìyàn lè ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta tí yóò sọ ohun ìní rẹ̀ di ìlọ́po 58?

Inú ọkàn àwọn tí ń rà ni ìdáhùn wà. Ẹni tí ó rà á ní sẹ́ńtì 10 kò wo ẹ̀rọ rárá. Ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní sẹ́ńtì 20 ni ó ń wò. Oníṣòwò tí ó kó obì pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n náà ń fojú sọ́nà, n kò sì bú u. Ṣùgbọ́n òun ti tú agbọ̀n wò, ó ti ṣa èyí tí kòkòrò jẹ kúrò, ó sì mọ̀ pé bí ọjà kò bá tilẹ̀ yá, ènìyàn yóò ṣì jẹ obì. Àpò tí a rán lẹ́nu pa ni àwọn ti Amẹ́ríkà ń tà fún ara wọn.

Nasdaq, ọjà tí wọ́n ti ń ná ìpín náà, dá kàrákátà rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ ọjà ìpín gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi han aráyé kì í ṣe tiwọn, àti pé ohun tí kò níye lórí ni wọ́n kọ sínú ìwé bí ọrọ̀. Ní oṣù Kẹfà wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́jà. Ìwé lásán ni ó kù sọ́wọ́ àwọn tí ó rà kẹ́yìn.

N kò sọ pé ilé iṣẹ́ tí ń rá pálá kò lè dìde. Apple fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ní ọdún 1997 kí Microsoft tó fi mílíọ̀nù 150 dọ́là ra ìpín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Apple ní ọjà tí àwọn ènìyàn ń fi owó rà lójoojúmọ́. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wádìí nìyẹn: ta ni ń ra ọjà wọn, èló ni ó sì ń san? Lẹ́yìn náà, oṣù mélòó ni owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn lè gbé wọn dé? Bí owó bá tán, ìpín tuntun ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ jáde. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní ìpín 1 nínú 100, tí wọ́n sì tẹ 100 mìíràn fún ẹlòmíràn, ìpín 1 nínú 200 ni ẹ ní, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan yín.

Kò sì yọ ilé wa sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ní Èkó ju 66,000 lọ; nígbà tí ó fi di oṣù Kẹta ọdún 2009, ó ti jábọ́ sí nǹkan bí 20,000. Ọ̀pọ̀ ni ó yá owó báńkì fi ra ìpín. Ìpín lọ, gbèsè dúró.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán 10, ìlànà sì wà lórí irú ilé iṣẹ́ tí a lè fi owó náà ra ìpín rẹ̀. Odi tí ó yí owó alájẹṣẹ́kù ká kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ìbò yín nínú ìpàdé ni èyí tí ó súnmọ́ yín jù. Nítorí náà, ẹ ní kí akọ̀wé mú ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ náà ti ọdún mẹ́ta wá, èyí tí ayẹ̀wé-owó-wò ti fọwọ́ sí, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́. Bí ẹni tí ó gbé àbá náà wá bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, pé ọ̀la ni owó rẹ̀ yóò gbẹ́nu sókè, ẹ sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀.