Ìrántí Isaac Delano, Òǹkọ̀wé Ayé Òyìnbó

A dìde láti rántí olóògbé Isaac Olúwọlé Delano, ọmọ Ẹ̀gbá, tí a bí ní 1904, tí ó sì di ará ọ̀run ní 1979.

Ẹ lè bi wá pé kí ni ìwé ìtàn kàn àgbẹ̀. Ó kàn án púpọ̀. Nígbà tí òyìnbó gba ilẹ̀ wa, òun náà ni ó ń kọ ìròyìn rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ a kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Èkó, Èkó a kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé wọn, ẹni tí ó kọ̀ láti san owó-orí di ọlọ̀tẹ̀. Ta ni ó bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí?

A kò wí pé kò sí òyìnbó olóòótọ́. Ọmọ Họ́láńdì kan, Eduard Douwes Dekker, jẹ́ igbákejì ajẹ́lẹ̀ ní Lebak ní erékùṣù Java ní 1856. Láti 1830 ni ìjọba wọn ti ń fi ipá mú àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbin kọfí, ìrèké àti aró. Dekker fi ẹ̀sùn kan ìjòyè tí ó ń rẹ́ wọn jẹ. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbè é, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1860 ni ó tẹ Max Havelaar jáde, ó pe ara rẹ̀ ní Multatuli, ìwé náà sì mi Họ́láńdì tìtì. A bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹnu oníṣòwò kọfí kan ní Amsterdam ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ni ó ń bá àgbẹ̀ ro ẹjọ́.

Delano gbé ọ̀rọ̀ náà fún onílé. Nínú Aiyé d'Aiyé Òyìnbó, tí ó jáde ní 1955, obìnrin kan, Àṣàbí, ni ó ń fi èdè Yorùbá ròyìn bí òyìnbó ṣe dé bá wọn. Àwọn kan ní àlàyé àṣà pọ̀ jù ìtàn lọ nínú rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà wo ni ó ń pìtàn tí kì í yà sọ́tùn-ún yà sósì?

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Delano nígbà tí ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, tí àwọn ènìyàn ń hú irin rélùwéè nítorí owó-orí, tí ìjọba sì kó ọmọ ogun tì wọ́n. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, ó sì ṣe Atúmọ̀ Èdè Yorùbá ní 1958.

Ní àgbègbè wa yìí, ayé òyìnbó méjì ni àwọn ènìyàn wa jẹ: ti Gẹ̀ẹ́sì nílé, ti Faransé ní Ivory Coast, níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ṣe àtìpó. Ní 1960 ni ilẹ̀ méjèèjì gba òmìnira. Ẹni tí ó ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ báyìí, wọn kò sì pọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá mọ̀wé, kí ó mú ìwé àti bírò lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà kí oṣù yìí tó parí. Kí ó kọ orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, iye owó-orí tí wọ́n san, àti orúkọ oko tí akódà ti bá wọn. Kí ó kọ ọ́ bí ìyá bá ti sọ ọ́ gan-an. Kí ó má bá a tún un sọ.