Ilẹ̀ Iléeṣẹ́ Aṣọ Àtijọ́: Ohun Tí A Ó Jẹ Níbẹ̀ àti Ohun Tó Lè Jẹ Wá

Ọ̀rọ̀ tí a bá ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa. A gbé e síbí fún àwọn tí kò lè wá.

 

Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ yọ̀ǹda ilẹ̀ iléeṣẹ́ aṣọ àtijọ́ fún ìlú, orí WhatsApp wa kò sinmi mọ́. Àwọn kan ní kí a kọ́ ọjà ìgbàlódé síbẹ̀. Àwọn kan ní ilé ìwòsàn ló yẹ. Àwọn míì ní ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ wa yé rin ìrìn gígùn. Kò sí èyí tí kò dáa nínú gbogbo rẹ̀. Ọjà wa ti kún dé títì, mọ́tò ń gba àárín àwọn tó ń tajà kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń wá iṣẹ́. Ẹ má ṣe rò pé mo wá dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èmi gan-an fẹ́ kí a lo ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà, n kò tíì rí ẹni tó béèrè ohun kan: kí ló wà nínú ilẹ̀ náà?

Ẹ jẹ́ ká rántí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń rẹ aṣọ láró, wọ́n ń fi kẹ́míkà sọ ọ́ di funfun, omi rẹ̀ sì ń gba gọ́tà lọ sínú odò. Wọ́n ri táńkì dísù mọ́lẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀. Tiransifọ́mà wà níbẹ̀. Òrùlé rẹ̀, asbestos ni. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kẹ́míkà kò bá wọn lọ. Dísù tó bá jò sínú ilẹ̀ lè rìn dé ìdí kànga. Epo inú tiransifọ́mà ayé àtijọ́ míì ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PCB, èyí tí kì í tètè jẹrà, tó sì léwu fún ara. Ní ti asbestos, bí wọ́n bá fọ́ ọ, eruku rẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, àìsàn tó ń fà sì lè fara pamọ́ fún 20 ọdún tàbí 40 ọdún kó tó yọjú.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ó dáa, ká kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ìyẹn náà kọ́. Àwọn kan ti ń ká páànù asbestos yẹn lọ fi bo ilé adìyẹ. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ ló ń fọ nǹkan láti ibẹ̀ lọ sódò. Bí a kò bá sì lo ilẹ̀ yìí, oko àwọn èèyàn ni a ó tún gé láti kọ́ ọjà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ká kọ́ ọ àbí ká má kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ wa ni pé: kí la gbọ́dọ̀ ṣe ká tó kọ́ ọ, ta ni yóò sì ru ìnira rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú Niagara Falls, ní ìpínlẹ̀ New York, kòtò gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Love Canal. Láàárín 1942 sí 1953, iléeṣẹ́ Hooker Chemical da ìdọ̀tí kẹ́míkà tó tó nǹkan bí 20,000 tọ́ọ̀nù sínú rẹ̀, wọ́n sì fi amọ̀ bò ó. Ní 1953, wọ́n fi ilẹ̀ náà lé ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú lọ́wọ́ ní dọ́là kan ṣoṣo. Dọ́là kan! Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé kẹ́míkà wà níbẹ̀, àti pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kò kan àwọn mọ́. Ìgbìmọ̀ náà gbà á, nítorí ìlú nílò ilé-ẹ̀kọ́ lóòótọ́. Wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ ilé yí i ká, iṣẹ́ títì àti gọ́tà sì já amọ̀ tó bo kẹ́míkà náà. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọdún, kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde ní àgbàlá àti yàrá abẹ́ ilé àwọn èèyàn. Ìyá ọlọ́mọ kan, Lois Gibbs, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ló kó àwọn aládùúgbò jọ tí wọ́n fi pariwo. Ní 1978, Ààrẹ Carter kéde pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Nígbà tó yá, ìdílé tó lé ní 800 kó kúrò. Ní 1980 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Superfund, pé ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ni kó sanwó àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ wò ó, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wá o. Ohun rere ni. Ilẹ̀ dọ́là kan ló wá di ilẹ̀ tó wọ́n jù lọ.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ Stratford dáadáa. Ẹ ń ra ọjà ní Westfield níbẹ̀. Kí ìdíje Olympics 2012 tó wáyé, ilẹ̀ iléeṣẹ́ àtijọ́ ló pọ̀ jù níbi tí wọ́n lò fún un, epo, ọ̀dà àti kẹ́míkà sì ti wọ inú rẹ̀. Wọn ò kàn da kọnkéré lé e. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fọ erùpẹ̀ bí ẹni fọ ìrẹsì wá, wọ́n sì tún nǹkan bí mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ ṣe. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n tún lò níbẹ̀. Lónìí, pápá ìṣeré, ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọgbà ńlá ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì: wọ́n kó àwọn tó lé ní 400 kúrò ní Clays Lane, ibi tí owó ilé kò ti wọ́n, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Manor Garden náà pàdánù ilẹ̀ wọn. Ìlú jàǹfààní, àwọn díẹ̀ ló san owó rẹ̀.

Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé pa ọmọdé tó tó 400, ó kéré tán. Àwọn dókítà rí i pé oògùn kò ní ràn wọ́n bí ọmọ bá tún ń padà sórí ilẹ̀ olóró. Erùpẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ wà kúrò.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àǹfààní máa ń tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n ìpalára máa ń wá ojú kan jókòó sí. Bí a bá kọ́ ọjà, gbogbo wa la ó jàǹfààní, títí kan ẹni tó kàn máa ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó bá wálé ọdún. Bí ilẹ̀ bá ní oró, ìyá tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò àti ọmọ tó ń fi erùpẹ̀ ṣeré ni yóò jẹ ẹ́. Nítorí náà, iye ẹni tó ní "mo fara mọ́ ọn" lórí WhatsApp nìkan kọ́ ló yẹ ká kà. Àwọn tó ń gbé nídìí rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Láti 1992 ni Nàìjíríà ti ní òfin àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká, tó ní kí ará ìlú àti onímọ̀ láǹfààní láti sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ló ń mójú tó òfin àyíká. Bí a bá béèrè, a kò tọrọ ojú rere. Ẹ̀tọ́ wa ni.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kó fọwọ́ sí.

Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ títí a ó fi yẹ ilẹ̀ àti omi kànga àdúgbò wò ní láàbù, kí èsì rẹ̀ sì wá sójú gbogbo ọmọ ìlú, kì í ṣe inú àpótí ẹnì kan.

Èkejì, kí orúkọ ẹni tí yóò sanwó àtúnṣe ilẹ̀ wà nínú ìwé ilẹ̀. Bí wọ́n bá ní ká fọwọ́ sí i pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ di tiwa, ẹ jẹ́ ká rántí dọ́là kan.

Ẹ̀kẹta, kí èsì àyẹ̀wò sọ ibi tí kálukú nǹkan yóò wà. Ibi tó mọ́ ni ká fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Ibi tó ní àbùkù, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ tí wọ́n sì fi kọnkéré bò ó, lè jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Etí odò, igi ni ká gbìn síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé èyí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn, owó yóò sì lọ sí i. Àwọn kan á ní ìjọba lè yí ọkàn padà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọjà tó pẹ́ ọdún kan kò pa ẹnikẹ́ni. Kànga tó ní oró kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ẹ̀yin ni máàpù wa. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí wọ́n ri táńkì mọ́, ibi tí omi aró ń dà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá akọ̀wé kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tó mọ̀ nípa kẹ́míkà, nípa ilẹ̀ àti nípa òfin, nílé àti lókè òkun, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́. Ẹ̀yin tó sì ń kà á lórí fóònù, ẹ má kàn fi àtàǹpàkò dáhùn kí ẹ kọjá lọ. Ẹ sọ èrò yín fún aṣojú àdúgbò yín kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó kò.

Ìlú wa yóò tòrò o.