Igi Làálì ní Agbo Ilé Wa

(Àsọyé tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, Ìpàta, Ìlọrin)

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni ẹgbẹ́ wa sábà máa ń gbé yẹ̀ wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi kéré sí wọn. Igi kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Igi náà ni làálì.

Kò sí ẹni tí kò mọ làálì nínú wa, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa mọ̀; àwọn tí ó mọ igi rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní lalle, ìyàwó tiwọn náà sì ń lé e gẹ́gẹ́ bí tiwa. Igi ilẹ̀ gbígbẹ ni; a ń rí i láti Áfíríkà títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ àṣà làálì ti orílẹ̀-èdè Lárúbáwá 16 sínú ìwé àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún fún gbogbo ayé. Orílẹ̀-èdè tiwa kò sí nínú 16 náà, bẹ́ẹ̀ ni làálì kì í ṣe àlejò ní Ìlọrin.

Bí a kò bá gé igi yìí, ó lè ga ju ènìyàn mẹ́ta tí ó lé ara wọn lórí lọ. Ewé rẹ̀ kéré, ó ṣẹnu ṣóńṣó, méjì-méjì ni ó sì máa ń dojú kọ ara wọn lórí ẹ̀ka. Òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó funfun tàbí kí ó pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí oyin a máa wá a wá. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó bá ti gbó a máa ní ẹ̀gún. Nítorí náà ó dára fún ọgbà yí ilé ká.

Ẹ wo bí ó ti bá ilẹ̀ wa mu tó. Òjò wa a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, a sì dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé, tí kànga yóò fà, tí òdòdó tí a fi owó rà yóò sì rọ. Làálì kò bẹ̀rù oòrùn. Omi tí ó dúró sí ìdí rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, òjìji sì ṣìkejì.

Bí a ó ti gbìn ín nìyí. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka tí ó gbó díẹ̀, tí ó nípọn tó gègé ìkọ̀wé, tí gígùn rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ hóró ni ẹ ní, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, kí ẹ tó gbìn ín sí ebè kékeré; ìwọ̀nba erùpẹ̀ ni kí ẹ fi bò ó. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ọgbà, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 sí àárín igi kan àti èkejì. Ẹ sọgbà ká a nítorí ewúrẹ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Bí ewé rẹ̀ bá pọ́n tí ó sì rẹ̀, ẹ má ṣe yára hú u. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá tutù yọ̀yọ̀ nísàlẹ̀, igi náà wà láàyè, òjò ni ó ń dúró dè.

Lẹ́yìn ọdún 1 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Bí a bá ti ń gé e ni yóò máa pẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, nítorí náà ẹ fi igi kan sílẹ̀ láìgé, kí ẹ lè rí òdòdó àti hóró. Ẹ sá ewé náà sí ibi òjìji, ẹ gún un, ẹ kù ú, kí ẹ sì pa á mọ́ sínú agolo tí ó dé dáadáa.

Èrè gbogbo làálà yìí ni pé a ó mọ ohun tí a ń fi sí ara àwọn ọmọbìnrin wa. Làálì gidi kì í yára. A ó fi omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, yóò wà lára fún wákàtí púpọ̀. Yóò kọ́kọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì ni yóò tó pọ́n dòò. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn kan ń pè ní làálì dúdú, tí ó ń dúdú bí kóró iṣin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, aró irun ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èròjà kan tí a ń pè ní PPD wà nínú aró náà. Ó lè mú kí awọ ara wú, kí ó lé ròrò, kí àpá rẹ̀ sì wà pẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè má lè fi aró kun irun mọ́ láyé rẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀yin ìyá, mo tún bẹ̀ yín: ẹ má ṣe lé làálì, ìbáà ṣe gidi, fún ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa, ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn, tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí oje làálì bá gba awọ ara wọn wọlé, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́, kí ojú ọmọ pọ́n bí ìtalẹ̀, kí ó sì di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ọmọ náà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí mo fi síwájú ẹgbẹ́ kò ná wa lówó púpọ̀. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan gbin ẹsẹ̀ làálì méjì nígbà òjò tí ń bọ̀. Kí ẹni tí tirẹ̀ bá yè fi ẹ̀ka ta aládùúgbò rẹ̀ lọ́rẹ. Nígbà tí a bá tún ń ṣe ìyàwó ní Ìpàta, kí ó jẹ́ ewé tí a mọ igi rẹ̀ ni a ó fi lé e. Kí Ọlọ́run Ọba fi òjò rere ránṣẹ́ sí wa. Àmín.