Sípíríǹgì Tó Kán Kò Ṣeé Jó
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì ẹ̀ka wa sọ

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí abẹ́ ọkọ̀ ẹrù tó ti gbó, irú 911 ti Mercedes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò ní pẹ́.

Ẹ mọ̀ pé sípíríǹgì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin pẹlẹbẹ tí a tò léra ni. Èyí tó gùn jù ni a ká lórí sí ihò, tí píìnì fi so ó mọ́ ṣasí; òun ni ìyá wọn. Bí ó bá kán níwájú, kì í ṣe pé ọkọ̀ á máa gbọ̀n nìkan. Áásù tó gbé táyà lè sún sẹ́yìn lápá kan, bí dẹ́rẹ́bà bá sì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á fẹ́ já sọ́wọ́ kan mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ gáréèjì ni pé wọ́n á gbé ìyá irin tó kán lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Owó rẹ̀ kéré, ọkọ̀ á sì padà sójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n iná ni wọ́n fi ṣètọ́jú irin yẹn nílé iṣẹ́ tó fi ń tẹ̀, tó sì ń padà sípò. Iná wẹ́dà á ba ìtọ́jú náà jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á le bí àwo, ibi tó tẹ̀ lé e á rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni yóò tún ti kán, ẹrù á sì wà lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n ra òmíràn. Bí ó bá jẹ́ tòkùnbọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wo ihò àárín rẹ̀ dáadáa bóyá ó ti ń là.

Àwọn kan tún máa ń fi irin kún irin kí ọkọ̀ lè gbẹ́rù sí i. Sípíríǹgì lè gbà. Ṣasí, táyà àti bíréèkì kò gbà.

Yú-bóòtì tó di sípíríǹgì mọ́ áásù, bí a bá ti tú u, kí a má tún un lò mọ́. Ó ti fà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti jókòó lórí sípíríǹgì ni kí ẹ di tuntun náà le, díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun. Ẹ tún wọn dì lẹ́yìn ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tó gbẹ́rù. Bí ó bá dẹ̀, bóòtì àárín ni yóò jìyà rẹ̀ títí yóò fi gé.

Ti píìnì àti búùṣì, gírísì ni oúnjẹ wọn. A sábà máa ń fún wọn nígbà tí ọkọ̀ tẹ̀ mọ́ wọn, gírísì ò sì ní dé ojú tó ń jẹ irin. Ẹ fi jáàkì gbé ṣasí títí sípíríǹgì á fi bọ́ lọ́wọ́ ẹrù, kí ẹ fún un títí èyí tó dúdú á fi jáde. Ẹ jọ̀ọ́, igi tó nípọn ni kí ẹ fi ti abẹ́ ṣasí kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì. Bí ẹ bá fi ọ̀pá irin gbọ̀n ọ́n, tó ń dún kọ̀ǹkọ̀, ẹ pààrọ̀ píìnì àti búùṣì pọ̀. Búùṣì tuntun lórí píìnì tó ti jẹ kì í pẹ́.

Èyí tó kan ẹgbẹ́ wá nìyí. Kí dẹ́rẹ́bà tó gbé ọkọ̀ láàárọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ kó wo abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí ìpẹtà pupa láàárín irin, tàbí irin tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, kí ọ̀gá gáréèjì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní “máa gbé e lọ, ọ̀la la ó ṣe é,” kó ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dànù tí kò sí ìwé, wọ́n á ní eré àsápajúdé ló ń sá. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka.

Ti kíǹpíìnì ń bọ̀ ní ìpàdé mìíràn. Ta ló ní ìbéèrè?