Irin Tó Ń Kán Láìtẹ̀

Gbogbo wa la mọ afárá irin orí odò Ọya tí wọ́n parí ní 1965. Irin ló ń gbé wa lọ sílé, irin ló ń gbé wa padà sí Onitsha.

Irin tó dára máa ń tẹ̀ kó tó kán. Títẹ̀ yẹn ni ìkìlọ̀ tó ń ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n ohun méjì lè gba ìkìlọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Èkíní ni háídírójìn, afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ jù lọ. Bí wẹ́dà bá fi electrode tí omi ti wọ̀ jó irin, tàbí tí wọ́n ri bóòtù líle sínú ásíìdì kí wọ́n tó fi síńkì bò ó, háídírójìn yóò wọ inú irin náà. Ní 1875 ni W. H. Johnson ti ṣàlàyé èyí fún àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹta 2013, ní afárá tuntun San Francisco, ọ̀pá irin 32 nínú 96 kán lẹ́yìn tí wọ́n dè wọ́n le. Ọkọ̀ kankan kò tíì gun afárá náà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Èkejì ni ooru. Bí irin tí wọ́n po chromium tàbí nickel mọ́ bá pẹ́ nínú ooru bíi 375 sí 575°C, ìdọ̀tí bíi phosphorus yóò kóra jọ sí ojú ibi tí hóró irin ti so pọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti là. Àìlera yìí wà lára ohun tó fọ́ ẹ̀rọ tọ́báìnì kan ní Hinkley Point, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1969.

Báwo ló ṣe kàn wá? Ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe ní Onitsha àti Nkpor là ń wọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe wẹ́dà, ẹ tọ́jú electrode 7018 sínú ààrò gbígbóná, ẹ má fi í síta nínú òjò. Ẹ má fi iná gáàsì na sípíríìnì tírélà. Bóòtù líle tí wọ́n fi síńkì bò, kí wọ́n yan án ní nǹkan bí 200°C fún wákàtí mélòó kan, kí háídírójìn lè jáde, kó tó di pé wọ́n lò ó. Ẹ̀yin onímọ́tò, bóòtù tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, ẹ má fi so búrẹ́kì. Dídán kọ́ ni agbára irin.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.