Ẹ Má Ju Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Nù

Ẹ̀gbọ́n kan bèèrè ní gúrúùpù pé ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán lè sọ ibi tí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun máa já sí.

Ẹ mú ìwé FBC yín. Ẹ ó rí neutrophil àti lymphocyte níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni méjèèjì. Neutrophil ló máa ń kọ́kọ́ sáré débi tí ara bá ti ní ìpalára; lymphocyte wà lára àwọn tó ń dojú ìjà kọ jẹjẹrẹ. Dókítà á fi èkejì pín èkíní: 60 tí a fi 30 pín, 2 nìyẹn, 80 tí a fi 10 pín, 8 nìyẹn. Ìwádìí púpọ̀ fi hàn pé àwọn aláìsàn tí tiwọn ga kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, àìsàn náà sábà máa ń le fún wọn ju àwọn yòókù lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: àkóràn, ọgbẹ́, oògùn steroid, gbogbo wọn ló lè gbé e ga. Kì í ṣe ìdájọ́ ikú rárá. Bí kò bá sì ga, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ jókòó sílé. Bí ẹ̀bà bá ń há yín lọ́fun, tó wá di pé ẹ̀kọ mímu náà ń há, tẹ́ ẹ sì ń rù, ẹ tètè lọ sí National Hospital tàbí Teaching Hospital Gwagwalada. Kámẹ́rà tí wọ́n ń tẹnu kì bọ ọ̀fun, àti ẹran díẹ̀ tí wọ́n bá mú níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ló ń fi jẹjẹrẹ hàn.

Ẹ mú ìwé ẹ̀jẹ̀ yín dání lọ. Ó dàárọ̀ o.